Bí Mo Bá Sọ̀rọ̀ Síta, Kí Ni Yóò Ṣẹlẹ̀ sí Iṣẹ́ Mi? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹni tó rí ohun tí kò tọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kó sùn. Ó tún wà fún ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú lórí ayélujára, àmọ́ tó ń bẹ̀rù kí oúnjẹ má lọ bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ òun. A kò kọ ọ́ láti pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ohun tó dá wa lójú ni pé ẹni tó múra kó tó lanu kì í sábà jìyà tó ẹni tó sọ̀rọ̀ tán kó tó máa wá agbẹjọ́rò kiri. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ bá kà níbí gbé ìbéèrè lọ bá agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Ẹ má fi rọ́pò wọn.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí mo sọ lákòókò tí mi ò sí níbi iṣẹ́?

Lọ́pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n gbọ́ pé òfin ilẹ̀ wọn fún wọn ní òmìnira láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì rò pé òmìnira náà ń bá wọn wọ ọ́fíìsì. Ìjọba ni irú òfin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dè lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ni Àtúnṣe Àkọ́kọ́ sí ìwé òfin ilẹ̀ náà kà léèwọ̀ fún láti fìyà jẹ aráàlú nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀gá iléeṣẹ́ aládàáni, ọ̀gá yẹn sì lè dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ láì sọ ìdí, àyàfi tí ìdí náà bá wà lára àwọn tí òfin dárúkọ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ ní ààbò díẹ̀ sí i. Tíṣà kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois tó ń jẹ́ Marvin Pickering. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn láti ta ko bí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ná owó, wọ́n sì lé e. Lọ́dún 1968, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà sọ pé kò yẹ kí wọ́n lé e, torí pé ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo aráàlú ló sọ, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí aráàlú. Àmọ́ ní 2006, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ nínú ẹjọ́ Garcetti àti Ceballos pé ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kọ nítorí pé ó jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ìròyìn tí Ceballos, agbẹjọ́rò ìjọba, kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí ìwé kan tí kò tọ̀nà ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀. Lójú tiwa, ẹjọ́ yẹn kò dáa, torí pé ẹni tó sún mọ́ ìṣòro jù lọ ló bọ́ sí gbangba. Síbẹ̀, bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Ilẹ̀ Yúróòpù yàtọ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Berlin ni Brigitte Heinisch. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ léraléra pé òṣìṣẹ́ kò tó, ìyà sì ń jẹ àwọn arúgbó. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n wádìí ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. Wọ́n lé e. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Jámánì gbè sẹ́yìn iléeṣẹ́ náà, àmọ́ lọ́dún 2011, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a láre.

Irú ọ̀rọ̀ wo ló léwu jù?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, nítorí pé òfin kì í wò wọ́n bákan náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa owó oṣù, wákàtí iṣẹ́ tàbí ewu tó wà níbi iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ yín lẹ jọ ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló dáàbò bo yín. Òfin òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti 1935 ka èyí sí ẹ̀tọ́, kódà níbi tí kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìlànà iléeṣẹ́ tó sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ iye tó ń gbà fún ara wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Kò bo gbogbo èèyàn ṣá o: òṣìṣẹ́ oko àtàwọn tó wà nípò ọ̀gá kò sí nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwà àìtọ́ lẹ fẹ́ tú síta, bíi jìbìtì, oògùn tí kò pé, tàbí ẹ̀rọ tó lè pa èèyàn, òfin pàtàkì wà fún un ní ilẹ̀ tó pọ̀. Brítéènì ṣe tirẹ̀ ní 1998, South Africa ní 2000, Gánà ní 2006. Àmọ́ ààbò yẹn ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà mìíràn lè bọ́ sóde rẹ̀, bí òótọ́ tilẹ̀ ló sọ.

Èrò ọkàn nípa ìṣèlú, ẹ̀sìn tàbí ogun tó ń lọ ní ibòmíràn ni ààbò rẹ̀ kéré jù fún òṣìṣẹ́ aládàáni, òun náà sì ni èèyàn máa ń sọ láìro ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ba iléeṣẹ́ lórúkọ jẹ́ ni wọn yóò fà yọ.

Èébú sí èèyàn, tàbí àṣírí oníbàárà àti aláìsàn, kì í sábà ní olùgbèjà.

Mo fẹ́ tú àṣírí ohun búburú kan. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bà jẹ́. Ẹni tí inú ń bí máa ń fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ lọ́jọ́ kan náà. Òfin ní tirẹ̀ máa ń béèrè pé: ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ló sì ṣe?

Ìlànà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde ní 2019 fi ọ̀nà mẹ́ta lélẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wà nínú iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀: iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gba irú ẹ̀sùn yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ láàárín ọjọ́ 7 pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún yín lésì láàárín oṣù mẹ́ta. Èkejì ni àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó irú iṣẹ́ yẹn, ẹ sì lè lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ̀kẹta ni ìta gbangba. Ẹni tó bá bọ́ síta gbangba máa rí ààbò bí àwọn tó sọ fún tẹ́lẹ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, tàbí bí ewu náà bá ti dé tán, tàbí bó bá nídìí gúnmọ́ láti gbà pé wọ́n máa bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Digital Realty àti Somers ti ọdún 2018 jẹ́ ẹ̀kọ́ tó dunni. Òṣìṣẹ́ náà fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá àgbà nínú iléeṣẹ́, wọ́n sì dá a dúró. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù sọ pé òfin Dodd-Frank ti 2010, tó ń dáàbò bo ẹni tó tú jìbìtì owó síta, kò lè gbà á sílẹ̀, torí pé kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: ohun tí wọ́n ń gbóríyìn fún lẹ́yìn òkun kan, òun ló dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn òkun kejì. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó mọ òfin iṣẹ́ pé, ‘Níbí, ọ̀dọ̀ ta ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀?’ Ìbéèrè kan yẹn lè gba iṣẹ́ yín là.

Ẹ̀rí wo ni kí n tọ́jú?

Ìwé àkọsílẹ̀ tiyín, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n sọ. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kì í rí bákan náà lójú adájọ́. Bí wọ́n bá sọ ohun kan fún yín lẹ́nu, ẹ fi ímeèlì jẹ́rìí sí i pé, ‘Ẹ ṣeun fún ìpàdé àná, ohun tí mo gbọ́ ni pé…’ Ẹ tọ́jú ìròyìn tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ yín sẹ́yìn, pàápàá èyí tó yìn yín. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbẹ̀san kì í sọ pé torí ẹ̀sùn yín ni. Yóò ní iṣẹ́ yín kò dáa mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìwé iléeṣẹ́. Ẹni tó bá kó gbogbo fáìlì sínú ímeèlì ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n ń wá. Frances Haugen, tó tú ọ̀pọ̀ ìwé Facebook síta ní 2021, kò dá rìn. Ó ti ní agbẹjọ́rò, ìwé náà sì ti dé ọ̀dọ̀ SEC àti ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó fi ojú ara rẹ̀ hàn.

Bí mo bá fi orúkọ bò ńkọ́?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ yín. Ní 2017, Reality Winner tẹ ìwé àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà kan jáde níbi iṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìròyìn. Àwọn aṣèwádìí rí i pé èèyàn mẹ́fà péré ló tẹ ìwé náà jáde, òun nìkan ló sì ti kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ ìròyìn yẹn láti orí kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún un ní 2018. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́, Wi-Fi iléeṣẹ́, fóònù tí iléeṣẹ́ fún yín: kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Ohun míì tún wà. Bí wọ́n bá gbẹ̀san lára ẹni tó fi orúkọ bò, ó máa nira fún un láti fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé òun ló sọ̀rọ̀. Ẹni tí àjọ ìjọba mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá a pa á mọ́, máa ń wà níbi tó dáa ju ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rárá.

Wọn ò lé mi, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Ṣé ojú mi ló ń ṣe é ni?

Rárá o. Bí ìgbẹ̀san ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Wọn kò ní pè yín sí ìpàdé mọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìgbéga á fò yín. Kúẹ́rì á dé lórí ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Ẹni tẹ́ ẹ jọ máa ń rẹ́rìn-ín á máa wo ilẹ̀ bẹ́ ẹ bá pàdé.

Roger Boisjoly jẹ́ ẹnjiníà ní Morton Thiokol, iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ òfuurufú Challenger sókè. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 1986, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbéra, torí pé òtútù máa ba àwọn rọ́bà tó dí oríkèé ẹ̀rọ náà jẹ́. Wọn kò gbọ́, èèyàn méje sì kú. Nígbà tó wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kẹ̀yìn sí i débi pé ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1988, ẹgbẹ́ AAAS ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ìdúróṣinṣin rẹ̀. Ẹ̀yẹ náà tọ́ sí i. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni orúkọ tó ń lọ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn ní bòókẹ́lẹ́. Ní 2009, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni aráàlú ní Brítéènì já wọ ọ́fíìsì The Consulting Association. Wọ́n bá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-kíkọ́ tó lé ní 3,000 níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó lé ní 40 ló ń sanwó láti wò ó kí wọ́n tó gba èèyàn síṣẹ́. Àwọn kan wà lórí ìwé náà nítorí pé wọ́n ráhùn nípa ewu ibi iṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ́dún mẹ́wàá tí kò mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń tì mọ́ òun. Ní 2016 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún ọ̀pọ̀ wọn.

Nítorí náà, bí nǹkan bá yí padà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀san kékeré mẹ́wàá tó tò tẹ̀ lé ẹ̀sùn yín máa ń sọ ìtàn tí ẹyọ kan kò lè sọ. Lábẹ́ ìlànà Yúróòpù tá a mẹ́nu bà lókè, bẹ́ ẹ bá ti fi hàn pé ẹ fẹjọ́ sùn, tí nǹkan burúkú sì ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ ló kù fún láti fi hàn pé kì í ṣe torí ẹ̀sùn náà.

Mo ti fọwọ́ síwèé pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí. Òfin Brítéènì sọ pé àdéhùn tó bá fẹ́ dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti tú ìwà àìtọ́ lọ́nà tí òfin là sílẹ̀ kò lágbára ní ti apá yẹn. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé àdéhùn dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ọ̀dọ̀ SEC. Àmọ́ ìwé náà ṣì lè mú yín bẹ́ ẹ bá bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ rántí Jeffrey Wigand. Ọ̀gá nínú ìwádìí ni ní iléeṣẹ́ sìgá Brown & Williamson, wọ́n sì dá a dúró ní 1993. Ó ti fọwọ́ sí àdéhùn ìpamọ́. Nígbà tó bá ètò tẹlifíṣọ̀n kan sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ẹjọ́ ba iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS, wọ́n kọ́kọ́ dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà dúró, àfi ní oṣù kejì 1996 ni wọ́n tó gbé e jáde. Iléeṣẹ́ sìgá pè é lẹ́jọ́. Ní 1997 ni ẹjọ́ náà tó kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni mo ní láti pe ẹjọ́?

Ó lè kéré púpọ̀, ó sì máa ń dùn wá bá a bá rí ẹni tó ní ẹjọ́ tó dáa àmọ́ tó pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n gbẹ̀san lára rẹ̀ nítorí ewu ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 péré láti fẹjọ́ sùn lábẹ́ òfin ààbò ibi iṣẹ́. Lábẹ́ òfin Sarbanes-Oxley, tó kan jìbìtì owó, ọjọ́ 180 ni. Ní Brítéènì, ẹni tí wọ́n lé nítorí pé ó tú àṣírí lè bẹ kóòtù pé kí owó oṣù òun máa wọlé títí ẹjọ́ yóò fi parí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ béèrè láàárín ọjọ́ 7 tí iṣẹ́ bọ́. Ẹ má dúró kí iléeṣẹ́ parí ìwádìí tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè. Ọjọ́ kì í dúró dè wọ́n.

Àwọn ohun tí mo kọ sórí ayélujára lọ́dún pípẹ́ ńkọ́?

Agbanisíṣẹ́ máa ń wò ó. Bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ó dáa, àmọ́ ẹni tó ti fi fóònù yà á kò ní pa tiẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbà gbọ́ nísinsìnyí ní ṣókí, kẹ́ ẹ má sì purọ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ láì béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Ṣé àwọn gbajúmọ̀ kì í mú un jẹ?

Wọ́n kàn lówó tí wọ́n lè fi dúró ni. Muhammad Ali kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun ní oṣù kẹrin 1967. Wọ́n gba bẹ́líìtì àti ìwé àṣẹ ìjà rẹ̀, kò sì jà títí di oṣù kẹwàá 1970. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù dá a láre ní 1971, àwọn ọdún tí ara rẹ̀ le jù ti lọ. Colin Kaepernick, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL, kúnlẹ̀ nígbà orin orílẹ̀-èdè ní 2016 láti fẹ̀hónú hàn. Láti 2017, kò sí ẹgbẹ́ NFL kankan tó tún gbà á. Ní 2019, òun àti NFL yanjú ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n láì dúró de ìdájọ́. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá lè pàdánù ohun tó tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gba owó oṣù kan sí èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iye oṣù tí àpò rẹ̀ lè gbà á. Oṣù díẹ̀ tẹ́ ẹ fi tọ́jú owó kì í ṣe ojo.

Ṣé iṣẹ́ máa ń wà lẹ́yìn náà?

Ó máa ń wà, àmọ́ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Wigand di tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Boisjoly káàkiri láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà sọ̀rọ̀ nípa ìwà títọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dọ̀ SEC, ẹni tó mú ìsọfúnni tuntun wá lè gba ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtanràn tí wọ́n bá gbà, bó bá ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ó máa ń pẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì rí nǹkan kan, ẹ má fi ṣètò ayé yín.

Ti Li Wenliang kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Dókítà ojú ni ní Wuhan. Ní òpin oṣù kejìlá 2019, ó kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ kàwé nípa àrùn kan tó ń tàn kálẹ̀. Ọlọ́pàá pè é, wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé irọ́ lòun ń tàn ká. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àrùn náà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ keje oṣù kejì 2020. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fagi lé ìwé ìkìlọ̀ náà, tí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ̀rọ̀ síta. Èmi ò láyà tó bẹ́ẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Púpọ̀. Ẹ má yà fún un. Ẹ jókòó tì í níbi tẹ́ ẹ ti máa ń jókòó tì í tẹ́lẹ̀, torí pé ìdánìkanwà ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá tó ṣe ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá wà níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹlẹgbẹ́ tó bá ran ẹni tó fẹjọ́ sùn lọ́wọ́ náà wà lábẹ́ ààbò òfin. Bí ọ̀gá bá sì béèrè lọ́wọ́ yín pé irú èèyàn wo ni, ẹ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáa tó, bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá.